Àyẹ̀wò consortium agreement: fífi owó FAFSA ilé-ẹ̀kọ́ kan kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì l'Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, Maryland tàbí Atlanta ló mọ ìṣòro yìí dunjú. Microbiology ti kún ní yunifásítì tí wọ́n ń lọ, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n fi í sí, nígbà tí ẹni náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò) tó wà nítòsí ilé ń kọ́ ọ lálẹ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó ti yunifásítì. Ṣùgbọ́n yunifásítì ni Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn kì í san padà) àti ẹ̀yáwó ìjọba wà, èyí tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù FAFSA béèrè fún. Ṣé owó náà lè bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ kejì?

Ó lè bá a débẹ̀. Ohun tó ń gbé e lọ ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní consortium agreement. Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì á fọwọ́ sí i pé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ni yóò san owó ìjọba àpapọ̀, òun náà ni yóò sì ka kírẹ́díìtì ibi méjèèjì pọ̀. Ìwé yìí là ń yẹ̀ wò níbí, bí èèyàn ṣe ń yẹ ọjà wò kó tó náwó lé e: ohun tó ń ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ibi tó ti máa ń já akẹ́kọ̀ọ́ kulẹ̀. Èrò tiwa ni pé ó wúlò gan-an fún ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò pé 12, iye tí wọ́n kà sí ìforúkọsílẹ̀ kíkún ní sáà kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ní 12 níbẹ̀, wàhálà ìwé náà sábà máa ń ju èrè rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ ná, torí fọ́ọ̀mù kò ní í ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fún yín lóyè ni wọ́n ń pè ní home school. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ka kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ni host school. Àkọ́kọ́ àti ìkejì la ó máa pè wọ́n níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ló ni FAFSA yín, òun ló ń ṣírò, òun ló ń sanwó. Iṣẹ́ ìkejì ni kó kọ́ yín, kó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín bó ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, ìbáà jẹ́ fisa lọ́tìrì ló fi wá tàbí ìgbéyàwó, àti àwọn mìíràn tí òfin kà mọ́ wọn, bí ẹni tí wọ́n ti fún ní asylum. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá pẹ̀lú fisa F-1 kò lè gba owó FAFSA, nítorí náà ìwé yìí kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, òfin fisa rẹ̀ gbà á láyè láti kàwé níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì bá ní àṣẹ SEVP, ètò ìjọba tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ láyè láti gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí àpapọ̀ kírẹ́díìtì rẹ̀ sì pé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fún un lóyè ló ń tọ́jú I-20 rẹ̀, ìwé tí fisa rẹ̀ dúró lé. Kó ṣọ́ra fún kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹyọ kan péré, tí kò ju kírẹ́díìtì 3 lọ, ni wọ́n lè kà mọ́ iye tó gbọ́dọ̀ pé ní sáà kan. Kó lọ bá DSO rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kó tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù FAFSA orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba kí èèyàn kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó tó 20, àwọn kan rò pé bí àwọn bá kọ méjèèjì síbẹ̀, ibi méjèèjì ni owó máa ti wá. Ẹni tó lé eku méjì ni, á sì pòfo. Òfin kò gbà kí èèyàn gba Pell níbi méjì lásìkò kan náà. Ẹ̀rọ ìjọba máa ń rí i, á sì fi àmì sí orúkọ náà, ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì á dá owó dúró títí ọ̀kan nínú wọn á fi yọwọ́. Bí owó bá ti jáde níbi méjèèjì, gbèsè ló dà yẹn, ẹni tó bá sì jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò ní í rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà títí yóò fi san án tàbí ṣètò bí yóò ṣe san án. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí àlejò, tí kò wá gba oyè níbẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀ owó ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ rárá. Ìwé àdéhùn nìkan ló ń mú kí kírẹ́díìtì ibẹ̀ já mọ́ nǹkan.

Iye tó ń mú wọlé

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25 ni wọ́n ti yí ìṣirò Pell padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń to akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́rin. Ní báyìí, kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Kírẹ́díìtì 12 ni 100%, 11 ni 92%, 10 ni 83%, 9 ni 75%, 8 ni 67%, 7 ni 58%, 6 ni 50%, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ títí dé 8% fún ẹyọ kan. Pell tó ga jù fún 2025–26 jẹ́ $7,395 lọ́dún, ìyẹn bíi $3,697 fún sáà kan.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell tó ga jù, tó ní kírẹ́díìtì 8 ní ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ ka Microbiology oníkírẹ́díìtì 4 ní ìkejì. Bí kò bá sí ìwé àdéhùn, 67% ni yóò gbà, nǹkan bí $2,477. Bí ìwé bá wà, wọ́n á ka kírẹ́díìtì rẹ̀ sí 12, yóò sì gba $3,697 pé. Ìyàtọ̀ náà ju $1,200 lọ ní sáà kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ community college, owó yẹn á san ti Microbiology náà, nǹkan á sì tún ṣẹ́kù. Ẹni tó pín in sí 6 àti 6 ń jàǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ: $1,848 láìsí ìwé, $3,697 bí ìwé bá wà.

Ẹni tó ti ní 12 ní ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò ní í rí Pell kankan lé e, nítorí 100% ni òpin. Ohun tí ìwé lè ṣe fún un kò ju pé kí wọ́n fi owó kọ́ọ̀sì kejì kún iye tí wọ́n gbà pé ẹ̀kọ́ ń ná an lọ́dún, èyí tó lè ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó díẹ̀ sí i bí kò bá tíì yá a dé òpin. Bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ ti community college California, níbi tí kírẹ́díìtì kan ti jẹ́ $46 fún ará ìpínlẹ̀ náà, $138 ni kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì 3. Kó san án láti àpò rẹ̀, kó sinmi.

Ẹ̀yáwó ní tirẹ̀ ní ààlà: ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì 6, ó kéré tán, kò ní í rí i yá. Ẹni tó ní 3 níbí àti 3 lọ́hùn-ún kò tó ìdajì níbì kankan, ìwé àdéhùn nìkan ló lè sọ ọ́ di 6. Èyí kan àwọn tó ti yáwó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ bá fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé kírẹ́díìtì 3 ni akẹ́kọ̀ọ́ ní, oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè á bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀, àfi ìgbà tí ìwé ìsanwó bá dé ilé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé yín, ẹ wọ àkáǹtì yín ní studentaid.gov, kí ẹ rí i pé iye ìforúkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti yí padà.

Ẹ rántí pé Pell ní òpin fún gbogbo ìgbésí ayé, 600%, ìyẹn sáà 12 tí èèyàn gbà á pé. Kírẹ́díìtì tí ẹ fi kún un ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kó jẹ́ kọ́ọ̀sì tó ń sún yín mọ́ oyè ni ẹ fi ń jẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á

Kọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Owó ìjọba àpapọ̀ kì í san kọ́ọ̀sì tí oyè yín kò nílò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́ọ̀sì náà máa gbé ohun kan kúrò nínú ètò yín, ọ́fíìsì financial aid (ti owó ìrànwọ́) kò ní í kà á, bó ti wù kí ìkejì buwọ́ lù ú tó. Ìkànnì Transferology lè fi hàn yín bóyá wọ́n ti gba irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wọlé rí, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìpinnu. Ìwé tí olùdámọ̀ràn tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí nìkan ni ìpinnu.

Texas ṣe é dáadáa ní apá yìí. Àwọn community college ibẹ̀ ń lo nọ́ńbà kan náà fún kọ́ọ̀sì kan náà, nọ́ńbà kejì nínú mẹ́rin ló sì ń sọ iye kírẹ́díìtì. BIOL 2401 ni Anatomy and Physiology apá kìíní, 2402 ni apá kejì, oníkírẹ́díìtì 4 ni méjèèjì, lábù sì wà nínú wọn. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan pín in sí méjì: 2301 fún ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, 2101 fún lábù. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún 2301 nìkan ti ní kírẹ́díìtì 3 dípò 4, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì ní í gbà á láìsí lábù. Microbiology náà ní méjì, 2420 àti 2421. Ti àkọ́kọ́ wà fún àwọn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì gan-an ni wọ́n ń kọ́, èkejì fún àwọn oní-sáyẹ́ǹsì. Ẹ bi ẹ̀ka nọ́ọ̀sì yín léèrè èwo ni wọ́n ń fẹ́, kí ẹ sì bèèrè rẹ̀ nínú ímeèlì kí èsì rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ yín. Ohun mìíràn tún ni ìpele: kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ti ọdún kejì ní community college lè rọ́pò kọ́ọ̀sì ọdún kẹta yunifásítì ní ti ohun tí wọ́n kọ́, síbẹ̀ kí wọ́n má kà á mọ́ kírẹ́díìtì ìpele gíga tí oyè ń béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ìkejì. Nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé, ẹ mú àlejò: visiting, transient tàbí non-degree, orúkọ yòówù tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó mú pé òun wá gba oyè níbẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sí ìṣòro, torí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò owó fún un, ọ̀rọ̀ eku méjì á sì padà wáyé. Ẹ wo ìbéèrè àdúgbò dáadáa pẹ̀lú. Ní Texas, àdúgbò tí ẹ ń gbé, tó ń san owó orí fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ló ń pinnu iye tí ẹ máa san, ará ìta sì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 22, tó ń wọlé síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára meningitis, ó sì gbọ́dọ̀ ti gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ti dá ìforúkọsílẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti parí gbogbo nǹkan yòókù.

Ìgbà tí orúkọ yín bá ti wà nínú kíláàsì ni fọ́ọ̀mù kàn. Ọ́fíìsì financial aid ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa gbà á, ó sì sábà máa ń ní apá mẹ́ta. Ẹ̀yin ni yóò kọ apá kìíní, níbi tí ẹ ti máa fọwọ́ sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì lè sọ ọ̀rọ̀ yín fún ara wọn. Bí ẹ bá fo ìlà yẹn, ìkejì lè kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè kankan nítorí òfin FERPA, tó ń dáàbò bo àṣírí akẹ́kọ̀ọ́. Olùdámọ̀ràn yín ló ni apá kejì. Ọ́fíìsì financial aid ilé-ẹ̀kọ́ kejì ló ni ẹ̀kẹta: ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, iye kírẹ́díìtì, iye owó, ìlérí pé àwọn kò ní í fún yín lówó ìjọba, àti pé àwọn á sọ fún àkọ́kọ́ bí ẹ bá fi kíláàsì sílẹ̀.

Apá kẹta yìí ni fọ́ọ̀mù ti ń sùn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e fún ọ́fíìsì registrar, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ á sì dá a padà pé kì í ṣe ọ́fíìsì tó tọ́ ló fọwọ́ sí i. Tàbí kí òṣìṣẹ́ kọ ọjọ́ sáà ilé-ẹ̀kọ́ wọn dípò ọjọ́ kíláàsì yín gan-an, nígbà tí ti yín jẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Tàbí kí ìkejì máa lo quarter (pípín ọdún sí sáà mẹ́rin) dípò semester, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i padà: kírẹ́díìtì quarter kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ti semester, nítorí náà 5 lọ́hùn-ún kò ju 3.33 lọ níbí. Ẹni tó ti kà á sí 5 nínú ọkàn rẹ̀ á rí i pé òun kò dé 12. Sáà kan ni fọ́ọ̀mù kan sì wà fún, ti sáà tó kọjá kò ní í ṣiṣẹ́ fún èyí tó ń bọ̀.

Kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fọwọ́ sí i. Òmíràn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Òmíràn á ní àfi bí kọ́ọ̀sì náà kò bá sí lọ́dọ̀ àwọn ní sáà yẹn, tàbí kí akẹ́kọ̀ọ́ ní iye kírẹ́díìtì kan lọ́dọ̀ àwọn kọ́kọ́. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ibi méjèèjì kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, kí kíláàsì tó ṣí.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù

Owó kì í lọ tààrà sí ìkejì. Ibi tí ìwé yìí ti ń dun àwọn tó lò ó nìyí, a ò sì rí ohun tó bò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì fẹ́ owó rẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò lè san owó ìjọba jáde ju ọjọ́ 10 ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà lọ. Nígbà tó bá san án, owó ilé-ìwé tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ, ohun tó bá ṣẹ́kù ni yóò fún yín, òfin sì fún un ní ọjọ́ 14 láti fi fún yín. Ẹni tó ń yáwó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ lè dúró ọjọ́ 30 ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ́fíìsì kan kò ní í fi kírẹ́díìtì ìkejì kún un rárá títí kíláàsì ibẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì rí ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń wá.

Láàárín àkókò yìí, kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kejì á yọ orúkọ ẹni tí kò sanwó kúrò. Wọ́n á yọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹlòmíràn á gba àyè rẹ̀ láàárọ̀, ìwé àdéhùn á sì di asán nítorí kò sí kíláàsì mọ́. Oògùn rẹ̀ ni payment plan ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ community college ní in: ẹ máa san díẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ìyókù á sì pín sí oṣù mélòó kan. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an, kí ẹ sì rí i pé owó ìdá kìíní wà nílẹ̀ láti àpò yín. Ẹni tí kò bá ní ìdá kìíní yẹn, ìwé yìí kò tíì yá fún un.

Owó ìwé kíkà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwìn tí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ra ìwé kò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ìkejì. Aṣọ lábù, awò tó ń dáàbò bo ojú àti kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì Microbiology, owó ọwọ́ ni.

Bí ẹ bá fi kíláàsì ìkejì sílẹ̀, ẹ fúnra yín ni kí ẹ sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ kò bá dé kíláàsì náà rí, wọ́n gbọ́dọ̀ gba Pell tí wọ́n san lé kírẹ́díìtì yẹn padà. Bí ẹ bá fi ibi méjèèjì sílẹ̀ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà tó kọjá, wọ́n á ṣírò iye ọjọ́ tí ẹ lò, ìyókù á di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà, ilé-ẹ̀kọ́ á sì kọ apá kan rẹ̀ sí yín lọ́rùn bíi gbèsè.

Lẹ́yìn ìdánwò ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn wà, òun ni wọ́n sì ń gbàgbé jù. Máàkì ìkejì kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sí àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́, nípasẹ̀ National Student Clearinghouse tàbí Parchment, kí ẹ sì mú àṣàyàn pé kí wọ́n dúró de máàkì kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò mú un á fi owó ránṣẹ́ transcript tí kò ní máàkì nínú. Títí yóò fi dé, kírẹ́díìtì náà wà nínú ohun tí ẹ dáwọ́ lé, kò sí nínú ohun tí ẹ parí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ parí 67% ohun tó dáwọ́ lé kí owó lè máa bọ̀. Ẹni tó wà ní sáà àkọ́kọ́, tó ní 6 níbí àti 6 lọ́hùn-ún, wà ní 50% títí transcript á fi dé, ìkìlọ̀ á sì dé bá a nígbà tó yẹ kó máa sinmi. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba kírẹ́díìtì tí máàkì rẹ̀ kò dé C, máàkì náà kì í sì í wọ GPA yín. Ẹni tó ń wá bí òun ṣe máa gbé GPA ga kò ní í rí i níbí.

Ẹ tún wo ọgbọ̀n kírẹ́díìtì tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka 30 ìkẹyìn lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó bá ku sáà kan kó jáde gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kó tó lọ sí ìkejì.

Àwọn tó rọrùn ju fọ́ọ̀mù lọ

Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà nínú ẹgbẹ́ tó ti bá ara wọn dá májẹ̀mú tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá fọ́ọ̀mù kiri. Nínú gbogbo èyí tí a mọ̀, ePermit ti CUNY, àkójọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìlú New York, ló gún jù. Inú CUNYfirst, ìkànnì akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ni ẹ ti máa béèrè fún un, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ máa sanwó fún, owó ìrànwọ́ yín kò kúrò níbẹ̀, máàkì náà sì ń padà wá fúnra rẹ̀. Gbogbo àbùkù owó tí a kà lókè kò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dẹkùn mú èèyàn ni pé bí wọ́n bá fọwọ́ sí ePermit, ẹ kò tíì ní àyè nínú kíláàsì. Ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà fúnra yín. Ẹni tó ń gba TAP, owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ New York, kó rí i pé oyè rẹ̀ nílò kọ́ọ̀sì náà, torí èyí tí oyè nílò nìkan ni TAP ń kà.

Ní Washington, àwọn yunifásítì bíi Howard, Georgetown, American àti George Washington wà nínú Consortium of Universities of the Washington Metropolitan Area. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san, àfi owó àkànṣe bíi ti lábù, tó ń san níbi tó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Five Colleges ní Massachusetts, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Smith ti lè ka kọ́ọ̀sì ní Amherst tàbí UMass Amherst láìsanwó ilé-ìwé kejì. Ní California, CVC Exchange so àwọn community college pọ̀ fún kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ará Georgia tó ń gba HOPE, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ní láti mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni owó rẹ̀ ń gbà. Pell dúró lọ́dọ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. HOPE ní tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kejì ló ń san án, lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá ti fi ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ránṣẹ́. Ìwé méjì ni, ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

Àkókò tí a fẹ́ràn láti lo ìwé yìí jù ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, láti oṣù karùn-ún dé ìkẹjọ. Láti 2017 ni ìjọba ti mú Pell ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn padà wá: ẹni tó ti gba ti ọdún náà tán nínú sáà méjì lè tún gba tó ìdajì ọdún mìíràn lé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 6, ó kéré tán. Ìgbà yẹn ni yunifásítì kì í ní kọ́ọ̀sì púpọ̀, kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì 3 kan ṣoṣo ló sì lè bá yín mu. Bí ẹ bá fi 3 mìíràn kún un ní community college pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ó di 6, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell tó ga jù yóò gba nǹkan bí $1,848 tí kì bá tí rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà ní oṣù kẹta, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ́fíìsì méjèèjì máa ń ní òṣìṣẹ́ díẹ̀ jù.